Ọrùn

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ ni mo ti ń kọ́ ọrùn ọmọ yìí.
Kò kúkú sí ẹlòmíràn.
Ẹ̀bá títì tó lọ sí Òmù-Àrán ni Málọmọ́ ti ń lẹ taya ọ̀kadà,
ọwọ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nílẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀kẹ́rẹ́,
ṣùgbọ́n ọrùn! Ọrùn rọ̀ bí ẹ̀fọ́ àná.

Mo ní kó gbé odó òfìfo rù, kó sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò, kó gòkè bọ̀.
Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta mo rọ omi sínú odó.
Mo ní, "Ó yá, jó."
Ìyàwó rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣa ẹ̀wà,
ó ń wò wá bí ẹni ń wo wèrè méjì lọ́jà kan.

Ìyá tí à ń wí yìí, igi ni.
Ẹni tó gbẹ́ ẹ ti di ará ọ̀run kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó wọ Ọ̀bọ̀-Ayégúnlẹ̀.
Ó kúnlẹ̀, ó gbé àwo lọ́wọ́,
ọmọ kan ń bẹ lẹ́yìn, méjì ń bẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kan ń fọn fèrè,
ọ̀kan sì wà níwájú tí kò ní etí òsì.

Èmi ni mo kán etí náà.
Ọdún tí wọ́n fa iná mànàmáná dé àdúgbò wa ni.
Mo fò, gìgísẹ̀ mi kọ etí òkìtì.
Gbogbo ojúde dákẹ́.
Wọ́n ní ọdún náà kò ní sunwọ̀n.
Iṣu ta bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, aboyún bí wẹ́rẹ́, òjò kò jáfara;
ohunkóhun kò ṣe ẹnikẹ́ni.
Èmi nìkan ni mo ń jí lóru, tí mo ń fọwọ́ kan etí ara mi.

Mẹ́rìnlá ni wá nígbà yẹn.
Sàráfá ń wa tírélà, Jẹ́bbà ló ń sùn.
Ọmọ Ẹ̀sà ti di ọ̀gá ilé ìwé ní Ìlọrin, ó máa ń fowó ránṣẹ́,
owó kò sì lọ́rùn.
Àwọn mìíràn, koríko ti hù lórí wọn.
Ti Díákónì Ajíbóyè, ó ní òun kì í wo ère mọ́;
bí a bá ti mú agogo jáde, yóò ti fèrèsé.

Ṣùgbọ́n lóru tó ṣáájú ọjọ́ náà mo gbọ́ ìró ọkọ́ lójúde.
Mi ò jáde.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkìtì ti dúró,
wọ́n ti gbá etí rẹ̀ dán, bí ọwọ́ kan ṣoṣo ṣe máa ń gbá a láyé àtijọ́,
ó sì rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀.
Mo pàdé rẹ̀ níbi tó ti ń lọ sí ìsìn.
Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ó ní, "Iṣẹ́ wo?"
Àwa méjèèjì wo erùpẹ̀ pupa tó wà ní bàtà rẹ̀.

Ọ̀sán. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé Ìyá sókè.
Málọmọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, màrìwò bò ó, a kò rí i mọ́.
Àwọn obìnrin pariwo, wọ́n ní,
"Rọra, Ìyá, ọmọ ń bẹ lẹ́yìn rẹ!"
Ó yí lẹ́ẹ̀kan. Ó yí lẹ́ẹ̀kejì. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n.
Mo mọ orúnkún tí ẹ̀rù ń gbọ̀n,
mo mọ èyí tó ń kó agbára jọ,
ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mi ò mọ èwo ni.
Ó sáré.
Ó fò.

Ọrùn mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ó ti gùn ún;
ojú mi ṣì wà ní dídì.

Nírọ̀lẹ́ mo lọ wò ó. Ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní,
ìyàwó rẹ̀ ń fi òrí gbígbóná ra á lọ́rùn.
"Bàbá, ṣé bó ṣe máa ń dun ni nìyí?"
Mo ní, "Rárá." Mo ní, "Tọ̀la ló ń bọ̀."
Mo bẹ̀rẹ̀ kí n gbé odó mi.
Ìyàwó rẹ̀ kò gbójú sókè.
Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀."