Ìka Mẹ́rin

Omidan tó ń tẹ ìka wa ní Òkè-Fìà
fi etí ìborùn rẹ̀ nu ojú ẹ̀rọ,
ó ní, "Ẹ tún un tẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra."
Mo tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ náà ké pín-ín,
ó lóun ò mọ̀ mí.
Ọwọ́ ọ̀tún ti wọlé wẹ́rẹ́, ìka márààrún.
Àtàǹpàkò òsì wọlé.
Ó wá ku ìka mẹ́rin tí kò nílà,
tó dán bí òkúta ìsàlẹ̀ odò.
"Ṣé bíríkìlà ni yín ni?"
Mo ní rárá, gítà ni mò ń ta.
Ó wò mí bí ẹni pé mo ní ìrì ni mò ń kó lọ sọ́jà.

Ọwọ́ òsì ni, ẹ má gbàgbé.
Ọwọ́ tí Bàbá Ládòkun gbá dànù
lọ́jọ́ tí mo fi gba ẹja lọ́wọ́ rẹ̀,
ọwọ́ tí a kì í fi júwe ilé bàbá ẹni.
Òun náà ló mọ ibi tí ohùn ń gbé.
Ọ̀tún kàn ń họ okùn bí adìyẹ ni;
òsì ló ń wá a, ló ń tẹ̀ ẹ́, ló ń jìyà rẹ̀.

Oṣù àkọ́kọ́, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè,
lórí gítà àlòkù tí Ọyágbénró yá mi,
okùn rẹ̀ ti dípẹtà, ó ga lọ́rùn bí okùn aṣọ sísá.
Ìléròrò yọ. Ó bẹ́. Mo tún un tẹ̀.
Mo fọ abọ́ ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà,
ata mú kí n pe orúkọ bàbá mi.
"Má fi ìpara sí i," ni Ọyágbénró wí,
"awọ tó bá sunkún tán, á dákẹ́."
Irọ́ ni. Kì í sunkún tán.
Ó kàn ń lọ sísàlẹ̀ ni, níbi tí n kò ti ní gbọ́ ọ.

Báyìí, mo lè ṣí ìkòkò orí iná láìwá aṣọ.
Fóònù mi kì í dá mi lóhùn, àfi bí mo bá yí ọwọ́ padà.
Mi ò mọ ṣẹ́dà yàtọ̀ sí àǹkárá mọ́.
Nígbà tí Ọ̀ṣúnkẹ́mi dé, ọmọ ọjọ́ mẹ́ta,
mo fi ìka òsì kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀,
ó fún ojú pọ̀ bí ẹni tí èsìsì jó.
Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ọwọ́ ni mo fi ń kí i.

Lọ́dún tí ibà gbé mi dé Asúbíáró,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìfọwọ́ kan okùn,
awọ náà bó pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.
Mo kó wọn sínú ìwé oògùn,
ojú ń tì mí láti dà wọ́n nù.
Abẹ́ wọn pọ́n, ó tutù, ó mọ gbogbo nǹkan:
afẹ́fẹ́, ìránpọ̀ aṣọ ibùsùn,
irun orí ọmọ mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo sunkún. Mi ò mọ èwo ni mò ń sun,
èyí tó bó ni, àbí èyí tó padà wá.

Omidan náà kọ ọ́ sínú ìwé: òsì, mẹ́rin, kò ṣeé kà.
Mo mú un lọ han ìyá mi nídìí ìkòkò aró.
Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀,
òun tí wọ́n lé padà nídìí àpótí ìbò
nítorí pé àtàǹpàkò rẹ̀ dúdú:
"Ìyá, ẹ ti dìbò tẹ́lẹ̀, ẹ máa lọ!"
Ó fà mí lọ́wọ́ òsì, ó tẹ ìka náà lọ́kọ̀ọ̀kan
bó ṣe ń tẹ etí aṣọ wò kó tó sá a.
"Ó ti mú," ló wí.
Ó ní kí n lọ bá òun bu eérú wá.
Kò sọ ọwọ́ tí n ó fi bù ú.