Ìwé Sìdíkátù

Ojú ìwé kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta fàráńkì.
Mo ti búra níwájú adájọ́ Àjàṣẹ́ pé
ohun tí Gẹ̀ẹ́sì bá wí ni n ó fi Faransé wí,
n kò ní fi kún un, n kò ní yọ níbẹ̀.

Sìdíkátù gbé ìwé tirẹ̀ dé nínú ọ̀rá búrẹ́dì.
Kóòtù Ṣakí ló tú òun àti Gàníyù ká
lọ́dún tí òjò gbé afárá lọ.
Ṣùgbọ́n ní mérì, níbi tí òun àti Dósù ti lọ gba ọjọ́ ìgbéyàwó,
akọ̀wé wo iwájú ìwé, ó wo ẹ̀yìn,
ó ní, "Ìyá, lójú tiwa, ẹ ṣì wà nílé ọkọ."

Ilé ọkọ wo?
Ìbejì ìyàwó tuntun Gàníyù ti ń lọ síléèwé.

Mo kà á fún un ní Yorùbá kí n tó kọ ọ́.
Gẹ̀ẹ́sì ní ìgbéyàwó yìí ti yọ́.
"Yọ́ báwo?"
"Bí iyọ̀ ṣe ń yọ́ sómi."
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń ká etí ọ̀rá náà.
"Tísà, iyọ̀ tó yọ́,
ṣé ó kúrò nínú omi ni?
Ẹ tọ́ omi náà wò."

Ìbúra mi kò gbà mí láyè àtikọ ìyẹn.
Mo lu òǹtẹ̀ méjì, ọ̀kan wọ́ díẹ̀.
Dósù ń dúró níta lórí alùpùpù,
sìmẹ́ńtì ti gbẹ mọ́ ọn ní bàtà.
Owó ojú ìwé kan ni mo gbà.
Ojú ìwé méjì ni.