Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹẹ́fà

Wọ́n ti mú iná lọ láti ìdájí ní Òkè-Ọ̀fà.
Mo gbé lámpù oníbátìrì ka orí àpótí,
mo to ìwé ìdánwò méjìlélógójì síwájú mi,
bírò pupa kan, ife tíì kan.
Ìṣirò ni, ti kíláàsì kejì.
Ogún ni máàkì. Iṣẹ́ yá.

Gàníyù gba mẹ́sàn-án.
Lẹ́tà rẹ̀ kọ́kọ́ dúró ṣánṣán bí ọmọ ológun,
ìgbà tó dé ìbéèrè kẹrin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ sísàlẹ̀
bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ ní Òkè Màpó lẹ́yìn òjò,
títí ìlà kan ṣoṣo fi wọ́ jáde létí ìwé, tí kò padà wá mọ́.
Mo mọ ìlà yẹn. Oorun ló fà á.
Aago mẹ́ta òru lomi máa ń yọ ní Fọ́kọ́,
ọmọ yìí ló ń to kẹ́ẹ̀gì fún gbogbo ilé.
Ẹni mẹ́sàn-án ló ń pọnmi fún,
mẹ́sàn-án náà ló gbà.

Fadérẹ̀rá gba méjìdínlógún.
Orí ọmọ náà pé, n kò ní purọ́ mọ́ ọn,
àmọ́ orí pípé náà jẹ búrẹ́dì àti ẹyin kó tó jáde nílé,
tíṣà kan ń wá bá a jókòó nírọ̀lẹ́ nílé wọn l'Ágódi,
ó ní tábìlì tirẹ̀, ó ní ilẹ̀kùn tó ṣeé tì.

Jọláoṣó kọ ojú ewé kan, kò ṣì í níbì kan.
Ojú ewé kejì funfun báláú.
Ọmọ Àpẹ̀tẹ̀ ni. Odò kún bo afárá lálẹ́ àná,
ẹsẹ̀ ló fi yípo dé, bàtà lọ́wọ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún,
a sì ti lo ìdajì wákàtí kó tó wọlé.
Èmi náà ni mo sọ pé, "Aago ò dúró de ẹnì kankan."
Ó dùn lẹ́nu mi nígbà náà.

Ti Ramlátù ni kò yé mi.
Ọmọ tó ń ṣàlàyé ìdá fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò!
Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kọ, ó pa á rẹ́, ó tún un kọ,
ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ lu níbẹ̀.
Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní bàbá rẹ̀ sọ pé
bó bá tún fìdí rẹmi, kó kọjá sílé ìyá ẹ̀ ní Mọ́níyà.
Ẹ̀rù ò mọ ìṣirò.

Sìkírátù gba mẹ́fà.
Mo ti fi pupa kọ ọ́ síbẹ̀: "Ọ̀lẹ."
Mo fẹ́ ṣí ìwé mìíràn, ọwọ́ mi ò gbà.
Kí ló dé tí gbogbo àṣìṣe yìí jọra bí ìbejì?
Mo wò ó títí.
Gbogbo ẹẹ́jọ tí mo kọ sójú pátákó,
ẹẹ́ta ni wọ́n lójú ìwé tirẹ̀.
Mo fa àjákù ìwé kan, mo fi ẹẹ́ta ṣe é láti òkè délẹ̀:
gbogbo ìdáhùn rẹ̀ gún régé!
Ọmọ náà ò ríran dé iwájú.
Ọdún kan àbọ̀ ni mo fi í sẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó fọ́,
torí pé ó ga.
Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ;
mo ti ń pa òwe yẹn láti kékeré,
alẹ́ òní ni mo tó kà á.

Ìbéèrè keje ńkọ́?
Mo ṣí gbogbo ìwé wò lọ́kọ̀ọ̀kan:
kò sẹ́ni tó gbà á, Fadérẹ̀rá pàápàá ò gbà á.
Mo bú wọn, mo bú ìyá wọn díẹ̀,
kí n tó yẹ ìwé iṣẹ́ tèmi wò.
Ọ̀sẹ̀ méjì tó yẹ kí n kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ yẹn,
owó oṣù ò tíì wọlé,
Bódìjà ni mo wà, mò ń bá àwọn onípákó ka pákó.
N kò ṣì í kà lẹ́ẹ̀kan.

Ọ̀gá ti ní ká mú èsì wá láàárọ̀.
Ẹẹ́fà á ṣì jẹ́ ẹẹ́fà.
Mo fa igi lé "Ọ̀lẹ" títí kò fi ṣeé kà mọ́,
mo kọ sábẹ̀ rẹ̀, gàdàgbà gàdàgbà, kó lè rí i:
"Wá jókòó níwájú lọ́la."
Tíì ti tutù. Mo mu ún bẹ́ẹ̀.
Ó ku ìwé mẹ́tàdínlógójì.