Ìlà Aró Lára Ògiri

Ẹ wo ògiri yẹn dáadáa, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé,
ibi tí búlúù gbé nà gbọọrọ bí okùn ìsáṣọ,
tó fi díẹ̀ ga ju èjìká mi lọ.
Kì í ṣe ọ̀dà.
Ìkòkò aró mọ́kànlá lomi bá ní àgbàlá Ìyá Sìdíkátù
lóru ọjọ́ tódò gbàgbé ojú ọ̀nà rẹ̀;
ó fọ́ wọn mọ́ra wọn, ó da aró wọnú ilé,
ó rẹ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun láró
láìbèèrè irú aṣọ tá a fẹ́.

A máa ń ní omi ò lọ́tàá.
Lóru yẹn, a wá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tì.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹrẹ̀ dé orúnkún.
Bùrọ̀dá Gàníyù jókòó sórí fìríìjì tó dojú dé,
kò sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí.
Àwọn ìjọba wá, wọ́n wọ bàtà rọ́bà,
wọ́n ya fọ́tò, wọ́n fi téèpù wọn ilẹ̀,
wọ́n kọ orúkọ wa, wọ́n ṣì í kọ,
wọ́n ní ká máa retí.
A retí.
Búrẹ́dì tí wọ́n fi sílẹ̀ hu irun funfun
kí ọjọ́ kẹrin tó pé.

Múnírátù ló kọ́kọ́ dìde.
Opó ni. Bíríkìlà lọkọ rẹ̀,
ogún tó fi sílẹ̀ ò ju tíráwẹ̀lì kan tí ẹnu rẹ̀ ti jẹ.
Ó ká ìró sókè, ó wọ ẹrẹ̀, ó ní:
"Ẹ pọnmi wá.
Omi ló wó o, omi náà la ó fi po sìmẹ́ǹtì."

Ìjà ò ṣàì wáyé.
Ilé ta la ó kọ́kọ́ kọ́?
Àwẹ̀ró ní tòun ni, nítorí ọmọ ọwọ́;
Ìyá Fọláwiyọ́ ní ọjọ́ orí ló yẹ ká wò;
ẹnì kan ju ṣọ́bìrì nù, ẹnì kan sunkún,
èmi gan-an bú ẹni tí n ò gbọdọ̀ bú.
Ìyá Sìdíkátù, tí ò tíì yanu látàárọ̀, ló wá dáhùn:
"Ṣáláńgá ni ká kọ́kọ́ kọ́.
Gbogbo wa la nídìí."
Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Àwọn ọkùnrin fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ náà:
ẹ wo àwọn obìnrin tó ń kọ́lé fún ìgbẹ́!
Nígbà tí onígbáméjì wọ àdúgbò kejì,
tó kó ọmọ mẹ́ta lọ, tí ò yà sọ́dọ̀ wa,
àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í ru búlọ́ọ̀kù.
A ò bi wọ́n léèrè ohun tó yí wọn lọ́kàn padà.

Ibo lowó ti wá?
Ọdún mẹ́rìnlá ni Ìyá Sìdíkátù fi tọ́jú owó Mẹ́kà,
inú agolo mílíìkì, lókè àjà tómi ò dé.
Ó tú u sórí ẹní, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní,
"Mẹ́kà ò ní ṣí kúrò níbi tó wà.
Ẹ ra sìmẹ́ǹtì."
Kò lọ mọ́.
Ọlọ́jọ́ dé kó tó rí òmíràn kó jọ.
Ìhà ìlà-oòrùn sì ni ògiri yẹn wà:
òun ló máa ń dojú kọ tó bá ń kírun.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ kan gbé ọ̀dà funfun wá,
ó ní kóun bá wa nu àbàwọ́n náà nù.
Múnírátù di búrọ́ọ̀ṣì mú:
"Kùn ún débí. Má gun orí ìlà."

Tójò bá ṣú báyìí, àwọn ọmọ á sáré débẹ̀,
wọ́n á fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n á na ọrùn,
wọ́n á máa wò ó, ta ló ti ga kọjá omi.
Ọmọ Àwẹ̀ró ló kù díẹ̀ fún.
Ó ń fi ìka ẹsẹ̀ dúró.