Odò Rióní Kì Í Ṣe Pupa

Wọ́n ti gbé àwòrán náà kọ́ sára ògiri funfun nílùú Tibilísì,
wọ́n tan iná sí i lórí bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn.
Ọ̀mọ̀wé kan ń ka ìwé sí wa létí:
"Odò tó pupa yìí, ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ogun jẹ ni."
Mo wúkọ́. Mo bojú wo bàtà mi.
Èmi ni mo mọ ìdí tí odò náà fi pupa.

Makrínè Ọlọ́dà là ń pè é ní Kutáísì,
ọmọ Kvachádzè tí ń kọ orúkọ sára ilẹ̀kùn àwọn oníwáìnì.
Láti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń bá bàbá rẹ̀ ya àjàrà,
ó ń kà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, hóró kan kò gbọdọ̀ dín,
nítorí bàbá ní oníbàárà tó bá rí mọ́kàndínlógún
yóò ní ogún lòun sanwó fún.
Ẹja tó yà sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Erásítì,
ológbò kan fò mọ́ ọn;
ojú èékánná rẹ̀ ṣì wà lára pákó dòní.

Lẹ́yìn náà ló wọkọ̀ ojú omi ní Bátúmì, ó di Páríìsì.
Ọdún méjì, àlùbọ́sà pẹ̀lú búrẹ́dì.
Níbẹ̀ ló ti kọ́ bí a ti ń fọ́ nǹkan.
Ó fọ́ tábìlì, ó fọ́ ìkòkò, ó fọ́ afárá orí odò wọn,
ó wá ṣa gbogbo rẹ̀ jọ bí ẹni ń ṣa àfọ́kù àwo,
ó tò wọ́n bí kò ṣe yẹ kí wọ́n tò.
Ó ya ara rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sílé.
Ìyá rẹ̀ tú u lórí ibùsùn, ó káwọ́ lérí:
"Ta ló lu ọmọ mi báyìí?
Ojú kan níwájú, ojú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí!"
Ó di owó ọkọ̀ sínú lẹ́tà, pé kó máa bọ̀ kíá.

Ó padà dé, ṣùgbọ́n ìjọba ti yí.
Wọ́n ní kó ya tirakítọ̀. Ó ya tirakítọ̀.
Wọ́n ní kí àwọn ọmọge tó ń ká tíì máa rẹ́rìn-ín.
Ó ya ẹ̀rín sí wọn lẹ́nu, eyín funfun kinniwin,
ṣùgbọ́n ẹ wo ọwọ́ wọn dáadáa:
ó ti rẹ àwọn ọwọ́ náà.
Kò sẹ́ni tó ní kí ọwọ́ rẹ́rìn-ín.
Lóru, a yí kánfáàsì sódì,
a ya ohun tó wù ú sẹ́yìn tirakítọ̀:
òkè tó ṣẹ́ bí ìgbọ̀nwọ́, ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ nínú omi.
Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ̀gá kan fi jókòó sábẹ́ ọ̀kan ní ọ́fíìsì,
kò mọ ohun tó kọjú sí ògiri.

Nígbà tí mo fi mọ̀ ọ́n, ìkùukùu ti bo ojú rẹ̀ méjèèjì.
Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, igi ìdáná ni mo ń gbé lọ fún un.
Igi tán, ó sọ mí di ojú.
"Jumbérì, fún mi ní funfun, èyí tí ọrùn rẹ̀ ti wọ́." Mo fún un.
Kò lo búrọ́ọ̀ṣì mọ́, ìka ló fi ń yà.
Kò ka àjàrà, kò fọ́ nǹkan kan:
ìlà kan péré, láti ibí dé ọ̀hún,
níbi tí èémí rẹ̀ bá gùn mọ.

Lọ́jọ́ náà, àwọn ẹgbẹ́ mi ń súfèé lójúde,
bọ́ọ̀lù ti bẹ̀rẹ̀, èmi sì ni góòlì.
"Jumbérì, àwọ̀ aró. Odò ló kàn."
N kò wò. Mo ki túùbù bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.
Mo ti dé ẹnu ọ̀nà kí n tó bojú wẹ̀yìn:
odò ti ń ṣàn lọ pupa fòò lábẹ́ ìka rẹ̀.
Ó dúró. Ó gbé ìka náà símú.
Ọmọ ọlọ́dà ni; kò sí ọ̀dà tí imú rẹ̀ kò dá mọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí apá ibi tí n kò sí,
ó sì ń bá a lọ.

Mẹ́ta ni wọ́n gbá wọlé mi lọ́jọ́ náà.

"Bàbá, ṣé ẹ ní ìbéèrè?" Ọ̀mọ̀wé ló ń bi mí.
Mo ní rárá o, ẹ ṣeun.
Àmọ́ ẹ dákun, bí àyè bá wà,
ẹ bá mi yí i sódì, ká wo ẹ̀yìn.