Jẹ́ Kó Nípọn

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ni, ní Haapsalu, etí òkun ti dì gbagidi,
fèrèsé ilé ìkàwé ń làágùn nítorí ooru wa.
Ẹni mẹ́fà ló jókòó ti kọ̀ǹpútà.
Maimu ló dàgbà jù, ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
ìbọ̀wọ́ rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀ bí ológbò méjì.

Ó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀
bí a ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ di dúdú, di kíki:
àmì ẹlẹ́nu ṣónṣó, lẹ́tà b, àmì kejì tó kọjú sí i.
Ìka kan ṣoṣo ló fi tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń yọ ẹ̀gún.
Ó wo ojú ìwé. Kò sí àmì.
Ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e ló wú, ló dúdú.
Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀rọ tún gbé e mì.
"Ọmọ mi," ó ní, "mo mọ ẹ̀rọ yìí.
Ogójì ọdún ni mo fi gbé inú ikùn rẹ̀."

Ilé ìtẹ̀wé ìròyìn ló ti ṣiṣẹ́ jẹun,
pẹ́ńsùlù pupa létí, ojú lára àṣìṣe ẹlòmíì.
Ohun tó bá kọ sí etí ìwé, àṣẹ ni:
yọ èyí, gbé tọ̀hún wá, jẹ́ kí tibí nípọn.
Wọ́n á ṣe é. Ìwé á jáde, á mọ́ tónítóní.
Ta ló rí ọwọ́ Maimu níbẹ̀?
Iyọ̀ tó bá ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ nínú ọbẹ̀, ojú kì í rí i mọ́.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló yọjú.
Ìkéde òkú apẹja kan ni. Ülar, ọmọ ìkọ́ṣẹ́,
kò sùn dáadáa lóru, ó to gbogbo ohun tó rí:
"Endel Rannap jẹ́ kó nípọn ti fi wá sílẹ̀."
Ìlú rẹ́rìn-ín títí di ọ̀sán.
Ọ̀gá gé owó oṣù Maimu. Ülar sunkún lẹ́yìn ẹ̀rọ.
Ní ọjọ́ kẹta, opó wọlé, ẹja gbígbẹ lọ́wọ́.
Wọ́n ti múra àforíjì sílẹ̀.
Obìnrin náà ní, "Ta ló kọ ọ́?
Àìsàn bó ọkọ mi títí ó fi ku egungun.
Oṣù méje ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run: kó nípọn, kó nípọn.
Èwo nínú yín ló gbọ́?"

Mo ní, ìyá, ìránṣẹ́ ni àmì yìí.
Bí o bá pè é lórúkọ, á dìde, á lọ jẹ́ iṣẹ́, o ò ní rí i.
Bí o bá fẹ́ kó jókòó kí àlejò rí i,
má pè é. Ṣàpèjúwe rẹ̀:
àmì "àti" tó lọ́ bí ìwọ̀ ẹja, l, t,
kómà tó ru àmì ìdánudúró lórí.
Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni; tó bá dé inú ẹ̀rọ, á di odindi.

Ó tẹ̀ ẹ́:

&lt;b&gt;Endel&lt;/b&gt;

Àmì náà yọ, ó dúró, ó ń wò wá
bí òṣìṣẹ́ ìdí ẹ̀rọ tí wọ́n pè síwájú wá ya fọ́tò.
Maimu rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ kan gíláàsì.
Lẹ́yìn náà ó dákẹ́.
"Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ tín-ín-rín."

Òótọ́ ni. Èyí tó hàn kò ṣiṣẹ́ mọ́.
Mi ò ní èsì. Ọkọ̀ tó ń kó yìnyín kọjá níta,
iná rẹ̀ yí lára ògiri, ó lọ.

Ó sọ̀ kalẹ̀ sí ìlà kejì, ó tún orúkọ náà kọ,
kò ṣàpèjúwe ohunkóhun, ó pe ìránṣẹ́ lórúkọ.
Ti òkè, kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè rí i kọ́.
Ti ìsàlẹ̀, kò sọ ti ta ni.
Ó nípọn.