Mítà Mẹ́wàá

Ní Àgọ́-Ìwòyè, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì,
níbi tí fáànù ti ń yí bí ẹni tí wọ́n fi tipá rán níṣẹ́,
mo ń ka omi láì fẹsẹ̀ kan omi.
Ọdún kejì rèé tí mo ti ń kọ́ bí a ṣe ń wo òkun
láti ibi tí ẹyẹ kankan kò lè fò dé:
bí omi ṣe gbóná tó, bí ó ṣe ṣú tó,
èwo ni ẹrẹ̀, èwo ni ewé, èwo ni ìfófòó lásán.

Sátẹ́láìtì náà kì í ṣe àlejò wa.
Lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún ló ń gba orí Mákùn Omi kọjá,
aago mọ́kànlá ku díẹ̀;
ọjọ́ kan péré ló fi ń pẹ́ ju ọjà ọrún lọ.
Kì í ra ẹja, kì í kí ẹnikẹ́ni.
Á wò wá, á kọ ohun tó rí sílẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ.

Wọ́n ní òjú oró ló ń lékè omi.
Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú àwòrán tèmi, pupa ni,
pupa bí epo tó dà sórí ẹní,
torí ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ewé ń dá padà
tí ojú ọmọ ènìyàn kò ní ìpín nínú rẹ̀.
Nígbà tí mo fi han ìyá mi lórí fóònù,
ó ní, "Ta ló ta ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀sà?"
Mo ní ewé ni.
Ó ní, "Ewé?"
Ó tún wò ó. Ó dá fóònù padà fún mi.

Onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, mítà mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóròó.
Ohun tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ kò ní orúkọ.
Ilé wa lẹ́bàá èbúté, tòun ti ibi tí a ń yan ẹja,
onígun kan àti ààbọ̀.
Ọkọ̀ Múfútáù kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá.

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀ka wa
pé mo ti lọ wá ọjọ́ náà nínú àká àwòrán:
ọjọ́ Ẹtì kan, oṣù Kẹfà,
ọdún tí mo ṣe ìdánwò àṣejáde.
Ó wà níbẹ̀. Sátẹ́láìtì kọjá lọ́jọ́ náà.
Mo fẹ àwòrán náà lójú, mo tún fẹ̀ ẹ́,
láti Ìwopin títí dé ẹ̀bá Oní,
funfun, funfun, funfun,
àwọsánmà bo ọ̀sà bí ọmọrí ìkòkò.
Ká ní ojú ọjọ́ tilẹ̀ mọ́,
kí ni ǹ bá rí?

Nígbà ọyẹ́, Bàbá Kònígbàgbé fi ọkọ̀ gbé mi lọ wọn omi.
Mo so àwo funfun mọ́ okùn, mo rì í,
àwa méjèèjì ń wò ó títí a kò fi rí i mọ́.
Mo fà á sókè díẹ̀, ó yọ.
Mo kọ ọ́ sílẹ̀: mítà kan ó dín díẹ̀.
Bàbá tọwọ́ bọ omi, ó fi kan ahọ́n,
ó ní, "Iyọ̀ kò tíì dé. Ó di oṣù tó ń bọ̀."
Mo ki irinṣẹ́ bọ omi. Òótọ́ ni.
Dókítà Ṣófolúwẹ̀ ní kí n má kọ ahọ́n àgbàlagbà
síbi tí a ń to orúkọ irinṣẹ́ sí.
Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìwé, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá mi béèrè
bí nǹkan ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó kí tòkè yẹn tó rí i.
Mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n fún un lórí iyanrìn.
Ó tẹ̀ lé mi dé òpin, ó dúró síbẹ̀,
ó ní, "Ṣé kò ju èyí lọ?"

Lọ́jọ́ tí mo gbèjà iṣẹ́ mi,
olùyẹ̀wò tó ti òde wá béèrè pé,
"Níbo ni agbára ọ̀nà rẹ yìí mọ?"
Mo ní, ó mọ síbi tí àwọsánmà bá wà.
Mo ní, ó mọ sí ohun tó bá kéré ju mítà mẹ́wàá.
Ó ní, "Bí i kí ni?"
Mo mu omi díẹ̀.
Mo ní, "Bí i ọkọ̀."
Ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó ṣí ojú ìwé tó kàn.